Ṣé Airbag Wà Nínú Tòkunbọ̀ Yín?

Ẹ̀yin òbí àti àgbà wa, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Iná airbag gbọ́dọ̀ tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó sì kú láìpẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ airbag, àpò tó ń gba orí àti àyà wa lọ́wọ́ ewu bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Bí ẹ bá ti rà á, tí ẹni tó tà á kò sọ fún yín, ẹ má dákẹ́. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà kò gba ẹ̀tàn láyè. Ẹ tètè mú rìsíìtì lọ bá a fún àtúnṣe tàbí owó yín. Bó bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí àjọ FCCPC. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́ tí ẹ sì gbà, ẹjọ́ yín lè má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.