Ẹ Jẹ́ Ká Tún Dá Oko Ilé-Ìwé: Ẹ̀bẹ̀ sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ló kọ ìwé yìí sí yín, Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè sì mọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ oko ilé-ìwé la bá wá.

Àwọn àgbà inú wa mọ oko ilé-ìwé dáadáa. Ẹ̀yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wà, kíláàsì kọ̀ọ̀kan a sì ní ebè tirẹ̀. Lónìí, igbó ti bo ilẹ̀ náà. Orí pátákó nìkan ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ Àgíríkì. Wọ́n lè ka ilẹ̀ oníyanrìn, ilẹ̀ amọ̀ àti ilẹ̀ ọlọ́ràá lórí láìsinmi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún wọn ní ẹbu iṣu, wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú ebè. Ẹnu dùn ún rò'fọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣá'ko.

Èyí tó dùn wá jù ni pé ìgbà ìjìyà nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ń fọwọ́ kan àdá. Ọmọ tó pẹ́ dé, ọmọ tó pariwo ní kíláàsì, koríko ni wọ́n ń ní kó lọ gé. Nílé náà, ohun tí a fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ ni pé bí kò bá kàwé, oko ni yóò lọ. Ọmọ tó ń gbọ́ èyí láti kékeré, báwo ni yóò ṣe gbà pé iṣẹ́ iyì ni iṣẹ́ àgbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀, oko ló rán wa ní ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, owó kòkó wà lára ohun tó gbé ètò náà ró. Owó kòkó náà la fi kọ́ Ilé Kòkó tó dúró ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, láti 1965. Àwọn bàbá àti ìyá tí kò mọ̀wé ni wọ́n já kòkó náà, tí wọ́n sá a, kí ọmọ wọn lè di ọ̀mọ̀wé. Ó tọ́ kí ilé-ìwé náà bu ọlá fún oko.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́ nìkan. Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, síbẹ̀ ọmọ tó ń mu gàrí lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ jẹ́ kó gbin igi ẹ̀gẹ́ nígbà òjò, kó ro ìdí rẹ̀, kó hú u lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, kó bó o, kó rí i bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń fi jáàkì fún omi rẹ̀, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n ń yan án. Yóò mọ̀ pé rírìn, kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé oró náà, sáyánáìdì, kúrò nínú rẹ̀. Kẹ́mísìrì nìyẹn. Olùkọ́ ìtàn yóò sọ fún un pé Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn oníṣòwò Potogí ló sì gbé e wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Bí wọ́n bá gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, kí wọ́n fa ẹ̀wà kan tu, kí wọ́n fojú ara wọn rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò rẹ̀, níbi tí bakitéríà ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún irúgbìn. Kíka ebè, wíwọn ilẹ̀ àti kíkọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀, ìṣirò ni.

Ìmọ̀ kò jìnnà sí wa. Moor Plantation, ọgbà ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà ní Ìbàdàn tipẹ́tipẹ́. CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, wà ní Ìdí-Ayunrẹ́. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, náà ti wà ní Ìbàdàn láti 1967, ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí, ẹ̀yin ni olùkọ́ àkọ́kọ́: ẹ yọ̀ǹda àkókò díẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí tó ní ilẹ̀ létí ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lò. A ó kọ ìwé àdéhùn. Ẹ̀yin tó kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ bá àwọn olùkọ́ jókòó. Ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, a nílò kànga ẹ̀rọ nítorí ẹ̀ẹ̀rùn, ọgbà yíká nítorí ewúrẹ́, ọkọ́ tí ọwọ́ ọmọdé ká àti bàtà òjò. Bí ẹ bá sì wálé lọ́dún, ẹ kó àwọn ọmọ yín wá sí oko náà.

Àwa náà jẹ́jẹ̀ẹ́ fún yín. Wọn kò ní fi oko yìí jẹ ọmọ kankan níyà. Ọmọ kankan kò ní ṣiṣẹ́ lóko olùkọ́ tàbí ti olóyè. Ọmọdé kò ní fọwọ́ kan oògùn apakoríko. Oúnjẹ àwọn ọmọ ni ìkórè yóò kọ́kọ́ jẹ́, a ó ta ìyókù fún àǹfààní ilé-ìwé, a ó sì ka ìṣirò owó náà sétí gbogbo yín ní ìpàdé ọdọọdún.

A fẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ bá wa lórí ilẹ̀ tí a ti ṣán. Ẹni tó ní ilẹ̀, ẹni tó ní owó, ẹni tó ní ìmọ̀, ẹ tètè kàn sí akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tó wà nítòsí yín kí ẹ̀ẹ̀rùn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ gbogbo wa ni wọ́n. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dàgbà láìmọ ibi tí oúnjẹ wọn ti ń wá.



Àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́,
lórúkọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa