Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ló Ń Kó Àrùn Ràn Wọ́n

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ ti mọ ìpolówó náà sórí: abẹ́ ń yún obìnrin ni o, omi ń dà lójú ara ni o, ìtọ̀ ń ta ọkùnrin ni o, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kíṣọ̀n ni gbogbo rẹ̀, ìgò àgbo kan ni yóò sì gbá a dànù. Irọ́ gbáà ni. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àìsàn tó ń fa nǹkan wọ̀nyí, àyẹ̀wò ló sì lè sọ èyí tó jẹ́.

Kandida a máa mú omi funfun tó dì bíi wàrà jáde. Ara obìnrin ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Oyún, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn apakòkòrò ló máa ń fún un láyè láti pọ̀. Àtọ̀sí a máa mú ọyún jáde lára ọkùnrin láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó lè wà lára obìnrin láìfi àmì kankan hàn, kó máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jẹ́ títí ọmọ yóò fi di àwátì. Egbò rẹ́kórẹ́kó kì í sábà dunni, ó sì ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹlẹ́gbò á ní àgbo ló ṣiṣẹ́, nígbà tí àrùn ṣì wà nínú ara. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kẹ́míìsì. Obìnrin kan dé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá nǹkan fún ìnfẹ́kíṣọ̀n. Ọmọ tó ń tajà kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé kápúsù apakòkòrò mẹ́rin, ó tì í sínú ọ̀rá dúdú. Bó bá jẹ́ kandida ni, kápúsù yẹn yóò pa kòkòrò rere tó ń dá kandida lẹ́kun. Ìyún náà yóò le sí i, wọn yóò sì máa wá ẹni tó ń ṣe é nílé. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò.

Wọ́n á ní àyẹ̀wò wọ́n. Kí wọ́n ṣírò owó ìgò àgbo mẹ́ta. Wọ́n á ní ìyá àgbà lo àgbo. Ìyá àgbà kò rí ibi àyẹ̀wò ládùúgbò rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2020, ìgbà mílíọ̀nù 374 ni ọ̀kan nínú àrùn ìbálòpọ̀ mẹ́rin, àtọ̀sí, rẹ́kórẹ́kó, chlamydia tàbí trichomonas, ran àwọn ẹni ọdún 15 sí 49 lágbàáyé. Oògùn wà tó ń wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sàn. Ṣé orí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn jókòó sí ni?

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà jẹ̀bi. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á máa pariwo lójú èrò pé, “Ẹni tó ní omi ń jáde lójú ara òun dà?” Bí wọ́n bá bi ọmọbìnrin níwájú ìyá rẹ̀ bóyá ó ti mọ ọkùnrin, kí ni wọ́n retí kó sọ? Ìwà yìí ń lé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ alágbo. Ó ń bíni nínú, nítorí ilẹ̀kùn lásán ni wọn kò tì.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì dùn lẹ́nu tọkọtaya ni pé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó yéni. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí kandida ń dà láàmú ni ọkọ ń fẹ̀sùn àgbèrè kàn, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ìbá dá a láre. Bó bá sì jẹ́ àtọ̀sí ni, ìyàwó tó gba ìtọ́jú tí ọkọ kò gbà á yóò tún kó o padà. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n jọ lo oògùn, kí wọ́n sì yẹra fún ìbálòpọ̀ títí dókítà yóò fi ní ó ti tó.