Ṣé Ọmọ Ọba Nìkan Ló Lè Gba Ìlú Là?

Ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ìtàn oyè bíi tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, nítorí inú wa a máa dùn nígbàkigbà tí a bá rí adé nínú fíìmù àwọn ọmọdé. Ayọ̀ náà ni mo wá takò.

Láti Snow White ti 1937 títí dé Frozen ti 2013, ọmọ ọba ló pọ̀ jù láàárín àwọn akọni fíìmù kàtúùnù tí àwọn ọmọ wa ń wò. The Lion King ti 1994, tí wọ́n gbé ka ilẹ̀ Áfíríkà, ló burú jù lójú mi. Nígbà tí Scar gba ìtẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ebi dé. Àwọn abo kìnnìún tí ń ṣọdẹ bọ́ ìlú pọ̀, síbẹ̀ wọn kò rí ọ̀nà àbáyọ, àfi ìgbà tí ọmọ ọba tó ti sá lọ padà dé. Ìlú kò yan Simba. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó. Nínú Iwájú, tí Disney àti Kugali ṣe nípa Èkó ní 2024, a kò rí ọba, ṣùgbọ́n ọmọ olówó ńlá ló wà níwájú ìtàn.

Àwọn kan yóò sọ pé adé lórí ọmọ aláwọ̀ dúdú ń wo ọgbẹ́ oko ẹrú àti ti ìjọba amúnisìn sàn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n irú oyè wo ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ náà? Kì í ṣe tiwa. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́mèsì ló ń yan Aláàfin, àwọn náà ló sì lè kọ̀ ọ́. Fún ìgbà pípẹ́, Àrẹ̀mọ kì í jogún ìtẹ́. Ó ń bá baba rẹ̀ kú ni. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà yí àṣà yìí padà, tí Adélù ọmọ rẹ̀ sì jọba ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Nígbà tó fi di 1862, Ìjàyè ti fọ́. Ohun tí fíìmù ń fi dá ọmọdé lára yá, òun ni àwọn baba wa kú lé lórí.

Àlọ́ wa náà ń jẹ́rìí. Ọba a máa wà nínú àlọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń jókòó sí: ìṣòro dé, ọba kéde, ó ṣèlérí ẹ̀bùn. Ta ní ń tú u? Ọdẹ ni, tàbí ọmọ òrukàn. Ìjàpá pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọ̀kánjúwà rẹ̀, a máa lo ọgbọ́n orí. Ọmọ tó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ìlú nílò òun. Ọmọ tó ń wo Simba ń dúró de ẹlòmíràn.

Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Guinea, rántí èyí nígbà tó ṣe Kirikou ní 1998. Ọmọ abúlé lásán ni Kirikou. Ìbéèrè ni ohun ìjà rẹ̀: kí ló dé tí Karaba fi burú? Ó yẹ kí ojú tì wá pé àlejò ló kọ́kọ́ ṣe é fún wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ń tàbùkù ọba. Ọba tí ìlú yàn, tí àwọn ìjòyè ń bá wí, ni mo ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ní Odon-Itsu, ọdún iṣu wa, ọba kọ́ ló kọ ebè. Ẹni tó ń jó Tchébé lórí ọ̀pá gíga kò jogún ẹsẹ̀ náà. Ó kọ́ ọ ni, ó sì ṣubú kó tó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí a bá ń to ìtàn ìdílé jọ nínú ẹgbẹ́ yìí, gbogbo wa la fẹ́ di ọmọ ààfin. Bí gbogbo wa bá di ọmọ ọba, orí ta ni ọba yóò jẹ lé?

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Lomé àti ní Paris: ẹ ya fíìmù nípa ọmọ tó ń kọ́ Tchébé, tàbí ọmọdé kan tó wà ní tòsí Kamina ní oṣù kẹjọ 1914, nígbà tí àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò wọn jẹ́. Kí ẹgbẹ́ wa sì fi owó tì wọ́n lẹ́yìn, bí a ti ń dáwó fún ayẹyẹ ìwúyè.