Èèwọ̀ Tí Kò Lójú

Láàrin àwọn olórìṣà Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n, ẹmu jẹ́ èèwọ̀. Ojú tí ń bẹ ní àdúgbò ni ó mú èèwọ̀ náà múlẹ̀: ẹni tí ó bá mu ún, ará ilé rẹ̀ yóò mọ̀.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni òfin kò ní lórí owó orí ẹ̀rọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ná bitcoin àti irú rẹ̀. Ǹjẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣíwọ́? Rárá o, orí fóònù ni wọ́n ti ń tà á fún ara wọn, níbi tí bàbá tí ó bí wọn pàápàá kò lè rí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Báńkì yí ohùn padà. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni òfin tuntun tó fi owó náà sí abẹ́ àjọ SEC. Oṣù kan kò tíì pé tí CBEX, tí ó ṣèlérí ìlọ́po méjì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́, fi dojú dé; ẹkún sọ ní Ìbàdàn.

Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ tí a kò mọ agboolé rẹ̀? Kí SEC kó orúkọ àwọn tí ó fún ní ìwé àṣẹ wá sí ọjà, sí ààfin àti sí ilé-ẹ̀kọ́, ní èdè tí ìyá aláta gbọ́, kí CBEX mìíràn tó dé.