Orí Tí Ọmọ Ń Yí, Ìlú Ta Ló Ń Wò?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára. Bí ọmọdé bá ti de ẹ̀rọ eré kọ̀ǹpútà mọ́jú, tó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn àgbà kan ní Ìlá Ọ̀ràngún á ní orí ọmọ ti dàrú. Irọ́ ni! Ẹ̀rọ náà ló ń ṣọ́ orí rẹ̀: bó bá wo òsì, àwòrán á bá a yí sósì, bó bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sún mọ́ ọn. Ivan Sutherland ti ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1968, ó wúwo débi pé òkè àjà ni wọ́n so ó rọ̀ sí.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ìlú onílùú lọmọ wa ń yí orí wò. Ta ni yóò kọ́ ààfin Ọ̀ràngún sínú eré, kí ọmọ Ìgbómìnà gbójú sókè kó rí òrùlé rẹ̀? Àbí òyìnbó ni? Judith Okonkwo ti dá Imisi 3D sílẹ̀ l'Ékòó láti 2016 fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin olówó Ìlá tí ẹ ń náwó òde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sanwó kí ọmọ wa méjì péré lọ kọ́ ọ.