Owó Kan, Ìran Mẹ́ta: Èwo Ni Ká Wò Ní Èkó?

   

Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ìyáàfin kan tí í ṣe olùkọ́ ní agbègbè Èkìtì. Aṣọ ni ọkọ rẹ̀ ń tà. Wọ́n fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ìsinmi oṣù Kejìlá ní Èkó, ní ilé àbúrò wọn kan ní Sùúrùlérè. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ń kó lọ. Àgbà nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ọkọ náà yóò bá wọn lọ. Àbúrò wọn ti fi ìwé ìpolówó mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, èkejì jẹ́ ti alẹ́ àwọn aláwàdà, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti eré orí ìtàgé. Ìyáàfin náà wá kọ̀wé pé: “Owó ìran kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi ní ibi orin ni ká lọ nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí a fi owó náà ra ewúrẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá a.”

Màmá kò kúkú sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ewúrẹ́ á bímọ, a ó sì rí i so mọ́lẹ̀. Ìran wíwò kò ní okùn tí a lè fi so ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti inú ilé bàbá rẹ̀ jáde lọ sí Èkó, ó yẹ kó rí ohun tí yóò máa rántí nígbà tó bá dàgbà. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé ẹni tó dé Èkó tí kò gbọ́n, bó dé Lọ́ńdọ̀nù kò lè gbọ́n. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí màmá fi ewúrẹ́ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kí a sì wo ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí bí oníṣòwò ṣe ń yẹ ọjà wò kó tó sanwó.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ náwó sí ìran: kí ni ẹ ó rí níbẹ̀ tí ẹ kò lè rí nínú ilé yín?

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo ti olórin. Àwọn ọmọ yín ti mọ orin rẹ̀ lórí láti inú fóònù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa kọ ọ́ sí yín létí lójoojúmọ́. Ohun tó kù tí ẹ fẹ́ rà ni ojú olórin gan-an. Ẹ wá béèrè pé níbo ni ẹ ó dúró tí ẹ ó ti rí ojú náà? Ní irú òde bẹ́ẹ̀, àwọn tó ra tábìlì ló ń jókòó níwájú, owó tábìlì kan sì lè ra ọjà tó kún ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú, ẹ̀yìn ni yóò dúró sí. Inú tẹlifísàn ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sókè ni yóò ti wo olórin, bẹ́ẹ̀ tẹlifísàn wà nílé yín.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà ńbẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ìwé ìpolówó wí. Àwa tí a mọ òde Èkó nínú oṣù Kejìlá mọ̀ pé aago mẹ́jọ yẹn, aago tí wọ́n ń to àga ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olórin tí a tìtorí rẹ̀ wá kì í gun orí ìtàgé títí ọ̀gànjọ́ fi kọjá, tí àkùkọ á sì ti máa múra àtikọ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Níbo ni ọmọ ọdún mẹ́fà yóò sùn sí? Ẹsẹ̀ wo ni màmá yóò fi dúró? Ọkọ̀ wo ni yóò sì gbé yín padà sí Sùúrùlérè lóru, èló ni awakọ̀ náà yóò sì bù fún yín nígbà tó bá rí i pé ẹ kò ní ọ̀nà mìíràn?

N kò sọ pé orin kò dára. Bí ọkàn bàbá ọmọ bá fà sí orin, òun àti ìyàwó rẹ̀ lè fi àwọn ọmọ ti àbúrò ní alẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n lọ. Èkó ní ilé orin tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá òkun. New Afrika Shrine wà ní Ìkẹjà, èyí tí àwọn ọmọ Fẹlá ṣí ní ọdún 2000, lẹ́yìn tí bàbá wọn ti kú ní 1997. Nínú oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, ní àyíká ọjọ́ ìbí Fẹlá tí í ṣe ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní Felabration níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òde àgbàlagbà ni, kì í ṣe ibi tí a ń kó ọmọ ọdún mẹ́fà lọ lóru.

Ó kan àwọn aláwàdà. Ẹ̀rín dára, ẹni tó ti ń ka owó àti gbèsè láti oṣù Kìíní yẹ kó rín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun méjì. Èkíní ni èdè. Ọ̀pọ̀ aláwàdà òde òní, Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni wọ́n fi ń dá àpárá wọn. Bí gbogbo èrò bá ń rẹ́rìn-ín tí màmá ń wo yín lójú pé kí ló sọ, kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀kan tán, mẹ́ta á ti kọjá. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwàdà òru kì í pẹ́ wọ inú yàrá tọkọtaya, àwọn ọmọ yín yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ yín tí wọ́n ń tẹ́tí. Mo sì tún kìlọ̀ fún yín: aláwàdà máa ń mú ẹni tó bá jókòó síwájú ṣe ẹran àwàdà. Ẹ fojú inú wò ó kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè ìyá ọkọ yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìjà tí ẹ ó gbé délé, tíkẹ́ẹ̀tì kò lè parí rẹ̀.

Ó wá ku eré orí ìtàgé. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń sunkún níwájú yín, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ìlù ń dún tí igbá àyà yín ń jí. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹ ó rí bí èkejì rẹ̀ ṣe ń gbà á sílẹ̀. Ohun tí ẹ rí lálẹ́ yìí, àwọn tó ń bọ̀ lọ́la kò ní rí i bákan náà gẹ́lẹ́. Èyí ni ohun tí kò sí nínú fóònù.

Ẹ máà tìtorí èyí sáré sanwó o. Ẹ bi àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìbéèrè mẹ́rin. Èdè wo ni wọ́n fi ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ eré Èkó lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, orin rẹ̀ nìkan ni í ṣe Yorùbá. Wákàtí mélòó ni? Ṣé ó tọ́ sí ọmọdé? Ṣé wọ́n ń ṣe é lọ́sàn-án? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó kó ọmọ dání. Ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹni tó bá wo ti ọ̀sán yóò délé kí oúnjẹ alẹ́ tó tutù.

Ibi tí ẹ lè lọ kò wọ́n. Gbọ̀ngàn ńlá ti Ìgànmú, tí ó rí bí fìlà sójà, kò jìnnà sí Sùúrùlérè rárá. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́ ọ tán, ibẹ̀ sì ni ojúkò àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Ó bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ilé ìfowópamọ́ tó dá owó jọ tún un ṣe, ní 2024 ni wọ́n sì fi orúkọ Wole Soyinka pè é. Láti 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró nítòsí rẹ̀ gan-an, lójú ọ̀nà Mile 2 sí Marina. Inú àwọn ọmọ yóò dùn sí ọkọ̀ yẹn bí ẹni pé òun náà jẹ́ ìran. Ẹ sáà béèrè aago tí èyí tó kẹ́yìn ń lọ. Terra Kulture wà ní Victoria Island, tí wọ́n ṣí ní 2003. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń ṣe eré níbẹ̀, títí kan eré olórin tí wọ́n fi ìtàn Mọ́remí Ilé-Ifẹ̀ ṣe ní 2018. Freedom Park wà ní Broad Street, ọgbà tí ó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà ìjọba òyìnbó, tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà kọ́ ilé tíátà sí Ìgándó, Oregun àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ pe ibi tó bá wù yín lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n sọ ohun tó wà lórí ìtàgé ní ọ̀sẹ̀ náà.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbé bírò. Owó ìwọlé kì í ṣe gbogbo owó. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦10,000, ènìyàn mẹ́fà sì ni yín, ₦60,000 nìyẹn. Ẹ fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kún un. Ẹ fi owó omi àti ìpápánu kún un, nítorí omi inú gbọ̀ngàn kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú ti ìta. Bí ẹ bá kà á tán tí ó ju agbára yín lọ, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá tètè rà á ń rà á ní pọ́ọ́kú. Ọwọ́ ilé eré tàbí ẹni tí ilé eré bá dárúkọ ni kí ẹ ti rà á. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ń sọ pé “tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, èmi ni mo ní in,” ẹ kí i kí ẹ máa lọ. Kí ẹ sì béèrè ibi tí àga yín wà. Mo ti san owó gidi rí ní gbọ̀ngàn kan tí n kò ní dárúkọ, òpó ni wọ́n fi mí sí lẹ́yìn. Wákàtí méjì ni mo fi wo òpó náà. Mo mọ gbogbo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń gbè sẹ́yìn eré orí ìtàgé, èyí sì kan gbogbo wa ju ìsinmi ìdílé kan lọ. Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀: tíṣà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ní 1944 ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Hall ní Èkó. Ní 1964 ni Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí ìlú Berlin ní Jámánì, tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó wò ó. Ìlú dé ìlú ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré wọ̀nyí ń lọ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí ìjọba tó ń bọ́ wọn. Owó tí oníṣòwò àti tíṣà san lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń ra epo sí ọkọ̀. Nígbà tí sinimá dé, lẹ́yìn náà tí fídíò wọ ilé, èrò fi ilé eré sílẹ̀, ẹgbẹ́ alárìnjò sì tú ká. Sinimá náà kò sì gba gbogbo wọn là. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, fi owó ńlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, wọ́n ń tà á, ó sì jẹ gbèsè. Sinimá ṣeé jí. Eré tí ènìyàn ń ṣe lójú ẹni kò ṣeé jí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ wá, kó sì sanwó. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹlòmíràn tí yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ.

A máa ń ráhùn nínú yàrá àwọn tíṣà pé àwọn ọmọ kò gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá mọ́. Bí a bá wá fi owó lé ọwọ́ wa pé kí a yan ìran, ìbò ni a ń dì yẹn. Ìran tí a bá sanwó fún ni wọn yóò tún ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ìyáàfin, ìdáhùn mi rèé. Ẹ lọ wo eré orí ìtàgé, kó jẹ́ ti ọ̀sán, kó jẹ́ ti Yorùbá bí ẹ bá rí i. Ẹ fi màmá sí àárín àwọn ọmọ, kó lè máa sọ ìtumọ̀ òwe fún wọn. Ẹ jẹ́ kí àgbà ọmọ yín kọ ohun tó rí sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó sùn. Bí ó bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó wù mí kí n kà á.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.