Òòbẹ̀ Dípò Àdàn

Ẹni tí iṣẹ́ sú ló sábà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ òwe yìí: bí a kò bá rí àdàn, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bẹ́ẹ̀ òwe náà kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun tó bá ṣáà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ rúbọ. Àdàn àti òòbẹ̀ jọ ń fò lóru ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́.

Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ eré olórin tí Òyìnbó ń pè ní ọpẹrà mu. Dimitrij, tí Dvořák ará ilẹ̀ Czech kọ, jáde ní Prague lọ́dún 1882. Ìpele mẹ́rin ni. Agbo akọrin méjì, ti Rọ́ṣíà àti ti Pólàńdì, ń kọrin kojú ara wọn. Owó aṣọ àti ààfin orí ìtàgé kì í ṣe kékeré, eré náà sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà mìíràn, ṣe ni àwọn akọrin kàn máa ń dúró síwájú àwọn onílù àti onífèrè, ìwé orin lọ́wọ́, tí wọ́n á kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Kò sí adé, kò sí ìbọn. Síbẹ̀, nígbà tí Dimitrij, ọba inú eré náà, kọ̀ kí Marfa, obìnrin tí wọ́n ní òun ni ìyá rẹ̀, búra èké pé ọmọ òun ni, tí ikú sì dé bá a, orin nìkan tó láti sọ ọ́.

Àwa náà ní tiwa. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So, eré olórin nípa Ṣàngó, jáde ní Òṣogbo ní 1963. Ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé ayẹyẹ ọnà Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní Bìrìtéènì ní 1965. Ayẹyẹ yìí kan náà ni Wọlé Ṣóyínká kọ ewì rẹ̀, "Idanre", fún.

Ta ni kò ní fẹ́ wo eré Ṣàngó lórí Òkè Ìdànrè, níwájú ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè? Àmọ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹni tó bá ru jẹnẹrétọ̀ àti pákó ìtàgé gòkè, kó má retí pé òun á tún lè jó.

Kí iná ẹnu Ṣàngó dúró nísàlẹ̀, ó ṣeé gbà. Àpáta á ṣe ògiri ààfin. Bàtá, oríkì àti ohùn Ọya ni kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sílé. Bí wọ́n bá fi orin inú ẹ̀rọ dípò onílù, ẹbọ bàjẹ́. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Kó tó dá ẹgbẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, ó gbé dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún orin Àjíǹde, àwọn kan sì fárígá. Ó wá ibòmíràn tí wọ́n á ti gbọ́ orin rẹ̀; ìlù ni kò fi sílẹ̀.